Ìbúra Tí Mo Ṣe fún Oníbúrẹ́dì

Télọ̀ ni mí ní Ẹ̀jìgbò. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń jókòó sídìí máṣíìnì, mo sì mọ ara mi dáadáa: ọwọ́ mi kì í yá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnu mi ló máa ń yá. Bí oníbàárà bá ń ṣe yànga, mo gbọ́dọ̀ fèsì. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òṣèlú ní gáréèjì, mo gbọ́dọ̀ dá sí i, kódà bí ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ bá ti ń gbéra. Ìyàwó mi a máa sọ pé bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ èmi fúnra mi rán ẹnu mi pọ̀ fún ọjọ́ kan péré, àdúgbò á sinmi. A máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tó ti sọ ọ́ gbẹ̀yìn.

Àwa méje la wà nínú ẹgbẹ́ kan tí kò lówó, tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò tilẹ̀ ní bánà. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wa, obìnrin tó ti kọ́ ìdajì ìlú ní a-b-d. Mẹ́kánìkì ọ̀kadà kan wà nínú wa, olùkọ́ ìjọ kan wà láti Màsífà, àgbẹ̀ kan sì wà láti ìlú Ara. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi já gaara. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé ní kíláàsì kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn onígbàgbọ́ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ohun tí à ń bá jà ni owó ìbò: owó tí olùdíje ń ná tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti rí i, àti èyí tí wọ́n ń fi síni lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdìbò, tí gbogbo wa mọ̀ sí dìbò-kóo-sebẹ̀.

Odindi ọdún kan la fi ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí à ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ta ìbò wọn. Wọ́n á gbọ́ wa tán, wọ́n á bu omi fún wa, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ wa dára. Lẹ́yìn náà ni màmá àgbà kan á wá rọra béèrè pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ mú wá?" Ojú a máa tì mí, inú a sì máa bí mi. Bí inú bá ti ń bí mi, n kì í gbọ́n mọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé ló mú ọ̀nà mìíràn wá. Ó ní òfin ti fi ààlà sí ohun tí olùdíje lè ná, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ ààlà náà? "Bí ẹ bá bi olùdíje, irọ́ ni yóò pa fún yín. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ṣiṣẹ́ fún un. Ta ló rán fìlà? Ta ló yá wọn ní kánópì? Ta ló dáná?" Mo wojú mẹ́kánìkì, òun náà wojú mi. Kò ju oṣù kan lọ tí èmi fúnra mi rán àpò fìlà mẹ́ta fún olùdíje kan tó ń sọ lórí rédíò pé tálákà bíi tiwa lòun, pé aráàlú ló ń bá òun gbé ìpolongo òun lórí. Mo ti gba iṣẹ́, mo ti jẹ èrè, n kò sì ronú pé ohun tó wà lábẹ́ máṣíìnì mi lè jẹ́ ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ní òfin tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwa télọ̀, ẹni tó bá tú àṣírí oníbàárà, yálà irú aṣọ tó rán ni o tàbí iye tó rán, yóò kúnlẹ̀ níwájú ìpàdé, yóò sì ra kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì. Àwọn oníkánópì ní irú rẹ̀, àwọn alásè náà ní tiwọn. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà láti bá wa sọ̀rọ̀ ni àdéhùn kan ṣoṣo: a kò ní sọ ẹni tó ṣe kí ni, àpapọ̀ nìkan la máa kà síta. Fìlà lápapọ̀, kánópì lápapọ̀, oúnjẹ lápapọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé mú wa sọ ọ́ ní àsọtúnsọ bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, títí tó fi dá a lójú pé ó ti wọ̀ wá létí.

Èmi àti mẹ́kánìkì la jọ ń gun ọ̀kadà rẹ̀ kiri. Ní Ara, oníkánópì kan ní òun ò ní la ẹnu òun sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ tọ̀ lẹ́yìnkùlé òun, òun ò lè ní ká di ara wa lójú. A lọ tọ̀. A bá àwọn kánópì níbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí wọn lára, a kà wọ́n, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àyè tó fún wa, ó ní ẹ kú ìrìn. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìsùndúnrìn. Mo rántí pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà, pé mo rò pé a ti mú wọn.

Ẹni tí mo lọ bá gbẹ̀yìn ni ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé kò sí agbo ilé tí Àbíjàn kò mú èèyàn lọ níbẹ̀. Obìnrin yìí lo ìgbà èwe rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ rẹ̀ kú sọ́hùn-ún, ó sì kó ọmọ mẹ́ta padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n ṣe ní gbogbo agbègbè wa: búrẹ́dì gígùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ rọ̀, irú èyí tí wọ́n ń jẹ nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ó mọ ààrò ńlá kan sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bíríkì àti amọ̀ ni ààrò náà. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kúrò nídìí rẹ̀ kò lè gbé e rù.

Ó ń po fúláwà lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Wọ́n ní sàráà ni," ó wí nígbà tó yá. "Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá ní bàbá kan ló kú, pé àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi búrẹ́dì tọrẹ ní Ara àti Ìsùndúnrìn. Bọ̀ǹ. Mo ní kò burú. Mo yọ èrè mi kúrò. Mo tún fi àpò kan kún un láti ọwọ́ ara mi, kí èmi náà lè rí láádá níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ọmọ mi mú ọ̀kan bọ̀ láti Ara. Wọ́n ti lẹ fọ́tò olùdíje mọ́ ọn lára." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Àṣé ẹni tí mo ń tọrọ àforíjìn fún kò tíì kú."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Mo bi í pé ṣé ó lè sọ iye rẹ̀ fún wa. Ó ní àpò mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ló wá dá ọwọ́ dúró, tó wò mí.

"Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ló ni ilẹ̀ tí mo wà yìí. Bó bá gbọ́ pé mo sọ̀rọ̀, ààrò mi lọ nìyẹn. Ẹ̀mí mẹ́rin ló ń jẹ nídìí ẹ̀."

Mo mọ ẹni tó ń sọ. Alága wọ́ọ̀dù ni, ọ̀gá ìpolongo olùdíje tálákà yẹn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, a jọ jẹun nínú abọ́ kan náà fún ọdún mẹ́ta, kó tó fi máṣíìnì sílẹ̀ tó bá òṣèlú lọ.

"Kò ní gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ yín ò ní jáde lẹ́nu mi."

"Búra."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àìlà tán ni, àlùwàlá ṣì wà lára mi. Ó ṣan ọwọ́, ó wọlé, ó gbé Kùránì jáde, mo gbé ọwọ́ lé e, mo búra. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo rán ẹnu bùbá kan tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé la pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìlú. A kọ̀wé sí gbogbo olùdíje. Àwọn kan rán aṣojú, ṣùgbọ́n olùdíje tálákà wá fúnra rẹ̀, ó wọ funfun, alága wọ́ọ̀dù jókòó tì í. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọkùnrin wà lápá kan, àwọn obìnrin lápá kejì, mo sì rí ìyá oníbúrẹ́dì lórí bẹ́ǹṣì kẹta pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ eérú. Ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ní kí n ka ìwé náà.

Mo kà á bí a ṣe jọ sọ ọ́. Fìlà lápapọ̀. Kánópì àti àga lápapọ̀. Gbohùngbohùn. Oúnjẹ, àpò báyìí-báyìí lápapọ̀. Bí mo ṣe ń kà á ni gbọ̀ngàn ń dákẹ́ sí i. Olùdíje ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Tálákà wo ló rí báyìí?" Mo rí i pé ohun tí ọdún kan ìwàásù kò ṣe, ojú ewé kan ṣoṣo ti ń ṣe é.

Alága wọ́ọ̀dù bá dìde. Kò bínú o. Ó ń rẹ́rìn-ín ni.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò gbọ́ ohun tí télọ̀ ń kà? Fìlà, ó dáa, iṣẹ́ ẹ̀ ni, ó lè mọ fìlà. Oúnjẹ wo ló wá ń kà? Ta ló jẹ ẹ́? Ọ̀rẹ́ mi yìí, láti kékeré ló ti ń ka ohun tí ò rí. Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, bó bá wọn ọ̀pá aṣọ méjì, á ní mẹ́ta ni. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀gá wa fi ọ̀pá náà nà án?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ìwé gbé ọwọ́ lé ọrùn ọwọ́ mi. Mo mọ ohun tí ọwọ́ náà ń sọ, mo mọ̀ ọ́n yékéyéké. Síbẹ̀, mo dìde.

"Búrẹ́dì ni," mo ní. "Búrẹ́dì gígùn. Àpò mẹ́rìnlá, ní Ara àti Ìsùndúnrìn, pẹ̀lú fọ́tò ọ̀gá yín lára ẹ̀. Ṣé mo tún ka ohun tí mi ò rí nìyẹn?"

Wọ́n kọ́kọ́ hó yèè. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè mí ẹ̀ẹ̀mejì, inú mi dùn ju ti oníyàwó ọ̀tun lọ. Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti apá kan. Orí ń yí. Wọn kò yí sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ń yí sí apá àwọn obìnrin, sí bẹ́ǹṣì kẹta. Ní gbogbo Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìletò rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ra búrẹ́dì gígùn, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n.

Ó ń wò mí. Kò sunkún, kò sì bú mi. Ó mú báàgì rẹ̀, ó bọ́ sí àárín àwọn bẹ́ǹṣì, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Alága wọ́ọ̀dù fi ojú sìn ín títí tó fi jáde. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "O ṣé, ọ̀rẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́." Ó jókòó. Ìgbà náà ló yé mi pé iye oúnjẹ kò jẹ ẹ́ lógún rárá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń wá, ó sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti lè rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, alága wọ́ọ̀dù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, ó ń fi ìka yí táyà máṣíìnì mi gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe nígbà tí a jọ jẹ́ ọmọ iṣẹ́.

"Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a ní ìjókòó nílé olùdíje. Àwọn oníròyìn máa wá. Wá síbẹ̀, kóo sọ pé o ṣìṣe. Búrẹ́dì nìkan. Fìlà ẹ àti kánópì ẹ, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ. Bóo bá ti sọ ọ́, obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ mí. Bí o ò bá sọ ọ́, èmi ni mo ni ilẹ̀ mi."

"Ṣé o mọ̀ pé ó yọ èrè ẹ̀ kúrò nítorí sàráà tí ẹ pè é?"

"Bí a bá fún àwọn tí ebi ń pa lóúnjẹ, kí ló tún ń jẹ́ sàráà?" Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn agbádá rẹ̀. "Lẹ́yìn Àsárì o."

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo gba ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì lọ. Iná wà nínú ààrò rẹ̀, ó ń yọ búrẹ́dì bí ìgbà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eérú. Kò ní kí n dìde, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí n má dìde. Mo ní mo fẹ́ lọ sọ lọ́la pé irọ́ ni mo pa, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀.

"Ìbúra kan lo ṣe, o ò mú un ṣẹ," ó wí. "Ní báyìí, o tún fẹ́ fi irọ́ lé e. Tèmi lo pè é yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Máa lọ sílé ẹ."

Mo lọ. N kò lè jẹun. Ìyàwó mi wò mí, ó gbé abọ́ kúrò níwájú mi láìsọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ní ọjọ́ kejì, a pàdé ní kíláàsì. Ìpàdé náà kò rọrùn. Mẹ́kánìkì ní kí n lọ sọ ọ́, pé kò sí ìwé tó tó ààrò tí ọmọ mẹ́ta ń jẹ nídìí rẹ̀. Àgbẹ̀ Ara ní bí mo bá sọ pé irọ́ ni búrẹ́dì, ojú wo làwọn yóò fi wo oníkánópì tó gbà wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn sókè sí ara wọn, àwọn méjì tí wọn kì í bínú. Olùkọ́ ìjọ ní ká gbàdúrà. Mẹ́kánìkì ní àdúrà kọ́ ló sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn, télọ̀ ni.

Ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Obìnrin yẹn ni ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìwọ lẹnu. Mi ò ní sọ pé kóo lọ, mi ò sì ní sọ pé kóo má lọ. Ṣùgbọ́n bóo bá sọ pé irọ́ ni búrẹ́dì, irọ́ ni gbogbo ìwé yìí láti òkè délẹ̀, a ò sì ní rí oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó máa bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Kóo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kóo tó dìde."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde. Mo ti pinnu pé màá parọ́ náà, àti pé lẹ́yìn náà màá kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Àgbàlá ilé olùdíje kún fún àga. Àwọn àgbààgbà ilé wọn jókòó níwájú, àwọn oníròyìn méjì ti na fóònù sókè. Wọ́n pe ìrun, a tò. Èmi àti alága wọ́ọ̀dù la wà ní ìlà kan náà, èjìká mi kan tirẹ̀. N kò lè sọ ohun tí mo kà nínú ìrun náà títí di òní. Nígbà tí a sálámà tán, ó mú mi lọ́wọ́ bí ọ̀rẹ́, ó fi gbohùngbohùn sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe." Gbogbo ojú wà lára mi. Mo la ẹnu, ohùn obìnrin kan ló ṣáájú mi.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Ìyá oníbúrẹ́dì ló gba ẹnu géètì wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnikẹ́ni. Ó dìde. Kò gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi ni mo ṣe búrẹ́dì náà," ó ní. "Àpò mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin lẹ sanwó mẹ́tàlá, èmi ni mo fi ọ̀kan kún un fún sàráà, torí wọ́n ní bàbá kan ló kú nílé yìí. Mo ti ń ṣe àdúà fún un láti ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ orúkọ bàbá náà, kí àdúà mi lè dé ibi tó ń lọ."

Bàbá arúgbó kan wà láàárín àwọn àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá olùdíje, etí rẹ̀ ti di díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ta ló kú?" Ẹ̀rù ti wà nínú ohùn rẹ̀ nígbà tó tún un bi: "Ta ló kú nílé wa? Kí ló dé tẹ́nìkan ò sọ fún mi?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú, bàbá, ara le. Ó ní, "Sàráà ta ni wọ́n wá ṣe?" Olùdíje bo ojú. Mo gbé gbohùngbohùn sórí tábìlì. Òótọ́ ti jáde láìsí ìrànlọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kẹta, àwọn lébìrà dé pẹ̀lú dígà. Gbogbo àdúgbò dúró, a ń wò. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ọdún tó sanwó rẹ̀ sì ti fẹ́ pé. Ó ti kó àwọn páànù àti igi ìpo fúláwà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òkè ààrò náà wó, eruku dúdú sọ, ó fi ìborùn bo imú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan láti lọ bá a kó ẹrù, ó rí mi, mo gbé ẹsẹ̀ náà padà.

Olùdíje náà wọlé nínú ìdìbò. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ mọ̀. A fi ìwé wa ránṣẹ́ síbi tó yẹ, a ṣì ń retí èsì. Àmọ́ lẹ́yìn ìjókòó yẹn ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa fúnra wọn, àwọn tí a kò pè. Ẹgbẹ́ wa ti kúrò ní méje. Nítorí ìyá oníbúrẹ́dì ni, kì í ṣe nítorí tiwa.

Mo lọ bá àfáà wa nípa ìbúra náà. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ọgbọ́n orí. Mo ní, "Àfáà, orúkọ ẹ̀ ò kúkú jáde lẹ́nu mi." Ó ní, "Búrẹ́dì ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní kí n fún tálákà mẹ́wàá lóúnjẹ, tàbí kí n fi aṣọ wọ̀ wọ́n. Bí n kò bá lágbára, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó sì jẹ́ pé télọ̀ ni mí, kí n lọ ránṣọ. Mo rán bùbá mẹ́wàá, mo rán an dáadáa, mo gbé e lọ sí Ìsùndúnrìn. Bàbá àgbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fún yí tirẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó wo àyà rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá fọ́tò. Ó ní, "Ẹgbẹ́ wo nìyí?" Mo ní kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Ó dá a padà fún mi. Ó ní òun ti gbọ́ pé àwọn kan ń lọ kiri, wọ́n ń ka ohun tí àwọn olóṣèlú bá pín. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó rí ẹni mẹ́wàá tó gbà á. Nígbà tí mo jábọ̀ fún àfáà, ó ní ti Ọlọ́run ti tán. "Ti obìnrin yẹn," ó ní, "mi ò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́."

Lẹ́yìn ìdìbò, olùkọ́ ìjọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fún ìyá oníbúrẹ́dì ní igun ilẹ̀ kan ní Màsífà. Ẹgbẹ́ ní àwọn yóò bá a mọ ààrò mìíràn. Mo ti gba ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́ ara mi, mo ti wá ṣòkòtò tí mo fi máa po amọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò jókòó. Ó ní ìyá oníbúrẹ́dì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ máa bọ̀ lọ́la, àfi èmi.

Mo bi í pé ṣé ó sọ ìdí rẹ̀.

"Kò sọ," ó wí. "Èmi náà ò bi í."

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀kadà mẹ́kánìkì kó bíríkì kọjá níwájú mi. Mo gbé aṣọ kan sórí máṣíìnì, mo tún un gbé kúrò. N kò jáde títí wọ́n fi padà dé.